Wọ́n Fi Orúkọ Mi Pe Ẹ̀rọ Omi

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé òjòwú ni mí, ẹ má bá a jiyàn. Òjòwú ni mí. Ìyá mi jowú, ìyá ìyá mi náà jowú, owú ò sì pa ìkankan nínú wọn. Ṣùgbọ́n obìnrin bíi tiwọn ni àwọn bá du ọkọ, obìnrin tó lórí, tó lọ́rùn, tí wọ́n lè bú kó bú wọn padà. Ní gbogbo Ìdànrè, èmi nìkan ni wọ́n gbé ẹ́ńjìnnì wá bá gẹ́gẹ́ bí orogún.

Kíkẹ́lọmọ ni wọ́n kọ sínú ìwé ìrìbọmi mi. Ìyá Olútóyìn ni àdúgbò ń pè mí, nítorí ọmọ mi obìnrin tó ń kàwé ní Àkúrẹ́. Kẹrosíìnì ni mò ń tà níwájú ilé wa. Ṣùgbọ́n mo ní orúkọ kẹta. Ará Ìkìrun ni ìyá tó bí mi, òun ló fún mi ní oríkì, ó pè mí ní Àwẹ̀ró. Ní ọ̀dọ̀ wa níbí, kì í ṣe gbogbo ilé ló ń fún ọmọ ní irú oríkì bẹ́ẹ̀, mi ò sì tíì pàdé Àwẹ̀ró mìíràn rí láàárín ìlú yìí. Ẹnu èèyàn méjì péré ni orúkọ náà ti ń jáde, ẹnu ìyá mi àti ẹnu Olúsànmí ọkọ mi. Nígbà tí ìyá mi kú, ó ku ẹnu kan.

Olúsànmí kì í pè é ní gbangba. Bí inú bá bí mi, tí mo kọ ẹ̀yìn sí i, tí mo ní mi ò jẹun, á wá jókòó sétí ẹní, á ní, "Àwẹ̀ró." Kò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Gbogbo ibi tó le lára mi á rọ̀. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí kì í fi í ṣòfò.

Iṣẹ́ omi ni ọkọ mi ń ṣe. Òun ló ń mójú tó ẹ̀rọ tó ń fa omi láti inú odò lọ sínú táńkì lórí àpáta, kí omi tó wá máa ṣàn bọ̀ nínú páìpù fún ará ìlú. Ẹ́ńjìnnì kékeré kan ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó ti darúgbó, ó máa ń wúkọ́, omi tó bá sì gbé kì í jìnnà kó tó rẹ̀ ẹ́. Èmi àti ìyẹn ò jà rí. Ọkọ mi á lọ láàárọ̀, á bú u, á ta á nípàá, á padà wálé wá jẹun. Irú ìyẹn kì í ṣe orogún.

Ọdún tí àwọn ṣọ́jà gbé ìjọba lé àwọn olóṣèlú lọ́wọ́ ni wọ́n gbé tuntun dé. Lọ́rì ńlá kan ló rù ú wá, gbogbo ìlú sì jáde lọ wò ó. Ẹ́ńjìnnì yìí ga ju ọkùnrin lọ. Àwọ̀ ewé ni wọ́n fi kùn ún, ó ń dán yinrin. Páǹpù tó wà nímú rẹ̀ ká roboto bí ìkarahun ìgbín, ó sì tóbi tó ọmọ màlúù. Àwọn òṣìṣẹ́ tó bá a wá ní kí ìlú sún sẹ́yìn, àwọn fẹ́ dán agbára rẹ̀ wò kí àwọn tó so ó mọ́ páìpù tó ń gun òkè.

Wọ́n so rọ́bà ńlá kan mọ́ ẹnu rẹ̀, irú èyí tí àwọn panápaná ń lò. Ọkùnrin mẹ́ta ló dì í mú. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bú ramúramù, tí omi sì jáde, àwọn ewúrẹ́ sá wọgbó. Omi náà kọlu igi ìbẹ́pẹ kan tó wà lọ́ọ̀ọ́kán. Igi ìbẹ́pẹ náà ò tilẹ̀ kọ́kọ́ tẹ̀, ó kàn wó tòun ti èso. Wọ́n wá yí i sí ara àpáta, ìdọ̀tí dúdú tó ti wà lára àpáta láti ìgbà tí àwọn baba wa ṣì ń gbé lókè sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí kúrò, ara òkúta yọ funfun báláú. Ẹsẹ̀ ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin mẹ́ta náà wá yọ̀. Rọ́bà gbé àwọn méjì tó kù nílẹ̀, ó sì fi wọ́n lélẹ̀ sínú ẹrẹ̀. Gbogbo èèyàn pariwo, wọ́n ń pàtẹ́wọ́.

Èmi ò wo omi. Ojú ọkọ mi ni mò ń wò. Ẹnu rẹ̀ ò pa dé. Ọjọ́ ìgbéyàwó wa, mo wọ aṣọ òkè, mo lé tìróò, iyùn wà lọ́rùn mi, mo sì ń ta sánsán. Olúsànmí ò wò mí bẹ́ẹ̀.

Bernadette, aránṣọ tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwa, fi ìgúnpá gún mi lẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Ìyáálé," ló wí, "o kú oríire o. Wọ́n ti gbé ìyàwó dé fún ọ."

Àwọn tó gbọ́ ọ rẹ́rìn-ín. Èmi náà fi eyín rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà ni orúkọ yẹn ti mọ́ mi lára ládùúgbò. Bí mo bá ń kọjá, wọ́n á ní, "Ìyáálé, ìyàwó yín ńkọ́?" Èmi náà á ní, "Ó wà, ó ń mu epo." Àwàdà ni. Mo lè fara da àwàdà.

Ohun tí mi ò lè fara dà ni bí Olúsànmí ṣe wá dà. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti jáde. Kẹrosíìnì tèmi ló ń bù lọ láti fi wẹ ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Kàn-ìn-kàn-ìn tó fi ń wẹ ara tirẹ̀ ti gbó, ó dà bí àjókù ìtẹ́ ẹyẹ, ṣùgbọ́n ó ra tuntun fún ẹ̀rọ. Ó gbé tapólì lọ fún Bernadette kó bá a rán etí rẹ̀, kó lè máa fi bò ó bí iṣẹ́ bá parí. Bí a bá jókòó tí a ń jẹun, ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ni. Ó ní omi tó ń gbé láàárín wákàtí kan, odindi àdúgbò ò lè rù ú tán lọ́sẹ̀ kan. Ó ní bí èèyàn bá na ọwọ́ síwájú ẹnu rẹ̀, apá onítọ̀hún á kán. Èmi ń fi òkèlè iyán kó ẹ̀fọ́, mò ń sọ nínú mi pé, ẹ tún sọ ọ́ o, baálé mi, ẹ tún yìn ín.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo gbé iyán lọ bá a níbi iṣẹ́. Wọ́n ti pa ẹ́ńjìnnì náà kí ara rẹ̀ lè tutù, gbogbo ibẹ̀ dákẹ́. Kí n tó dé ẹnu ọ̀nà ni mo gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú ilé, ohùn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ tí mo mọ̀ dáadáa.

"Àwẹ̀ró," ló ń wí. "Rọra o, Àwẹ̀ró. Epo tó mọ́ ni mo gbé wá fún ọ yìí."

Mo kọ́kọ́ rò pé ó ti rí mi ni. Inú mi tiẹ̀ dùn, kí n má purọ́. Mo yọjú wọlé, ẹ̀yìn ló kọ sí mi. Ó ń fi aṣọ nu ẹ́ńjìnnì náà nídìí, ó ń bá a sọ̀rọ̀.  

"Ta lẹ̀ ń pè?"

Ó yíjú padà, kò tilẹ̀ ta gìrì. "Áà, Ìyá Olútóyìn, o ti dé? Mi ò gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ."

"Mo ní, ta lẹ̀ ń pè ní Àwẹ̀ró?"

Ó fọwọ́ lu irin náà pẹ́pẹ́, bí ẹni ń ki ọmọ. "Ẹ̀rọ mi ni. Àràárọ̀ ni mò ń wẹ̀ ẹ́, bí mo bá sì ṣe tán, mo máa ń ró aṣọ fún un. Orúkọ wo ló tún yẹ ẹ́ jùyẹn lọ?"

"Orúkọ ti tán láyé, àbí?"

"Ìwọ ni mo fi yẹ́ sí o! Bí kì í bá ṣe pé mo fẹ́ràn rẹ, ṣé màá fi orúkọ rẹ pe ohun tó ń fún gbogbo ìlú lómi?"

Ẹ gbọ́ àwáwí ọkùnrin. Àwọn àgbà ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Olúsànmí wo ilé, ó rí orúkọ tèmi níbẹ̀, ló bá gbé e lọ.  Mo gbé iyán mi, mo padà sílé. Kí ìyàwó rẹ̀ lọ gún tirẹ̀ fún un.

Mo rò pé á wá bẹ̀ mí ní ìrọ̀lẹ́. Mo kọjú sógiri, mo ń retí pé á jókòó sétí ẹní, á pe orúkọ náà. Ó jókòó lóòótọ́. Ó ní, "Ìyá Olútóyìn, má bínú." Ìyá Olútóyìn! Orúkọ tí ẹlẹ́ran ń pè mí, orúkọ tí ẹni tó wá ra kẹrosíìnì ìgò kan ń pè mí. Láti ìgbà náà, Ìyá Olútóyìn ni mo jẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Ó dà bíi pé orúkọ kan ò lè wà níbi méjì. Ó ti fún ẹlòmíràn, kò sì ku nǹkan kan fún mi.

Kò pẹ́ sígbà náà ló gbé ọ̀dà funfun, ó kọ ọ́ gàdàgbà sára ilẹ̀kùn irin ilé ẹ́ńjìnnì náà, lápá ojú ọ̀nà: ÀWẸ̀RÓ. Àwọn tó ń lọ sí oko kòkó kà á ní àlọ, wọ́n tún kà á ní àbọ̀. Ṣé ẹ mọ̀ bí ìlú ṣe ń rí. Bí ariwo ẹ̀rọ bá sọ láàárọ̀, wọ́n á ní, "Àwẹ̀ró ti jí." Bí omi bá yọ lẹ́nu páìpù, wọ́n á gbá garawa mú, "Àwẹ̀ró ti dé o, ẹ wá pọn!" Bí omi ò bá wá, wọ́n á pòṣé, wọ́n á bú Àwẹ̀ró. Kò sí ẹni tó mọ̀ pé èmi ni wọ́n ń bú. Mi ò sì lè sọ fún wọn. Kí n sọ pé kí ni? Pé ọkọ mi mú orúkọ tó máa ń pè mí lórí ẹní, ó gbé e fún irin?

Mi ò pọn omi ẹ̀rọ náà mọ́. Mò ń gbé garawa mi, mò ń rìn lọ sí odò tó wà lẹ́yìn oko. Bernadette rí mi, ó pariwo láti ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ pé, "Ìyáálé, kí ló dé? Páìpù omi wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ, o tún ń lọ sódò? Àbí omi ìyàwó rẹ ò dùn ni?" Mo ní omi odò ló ń mú ọṣẹ hó. Ó wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ ti ń dàrú.

Mi ò bẹ̀bẹ̀ fún aṣọ, mi ò sọ pé kó ra wúrà. Orúkọ mi ni mo fẹ́ gbà padà, kó tún jáde lẹ́nu ọkọ mi fún èmi nìkan. Mo gbààwẹ̀ nítorí rẹ̀. Mo tan àbẹ́là ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, mo fi orí kan ilẹ̀. Nígbà tí woòlíì ní kí kálukú gba àdúrà tirẹ̀ sókè, èmi gba tèmi sínú, nítorí ojú ń tì mí: "Olúwa, ẹ bá mi gba ẹ́ńjìnnì yìí kúrò lọ́wọ́ ọkọ mi."

Ẹ ṣọ́ra fún àdúrà o. Olúwa rán Dominic.

Ọmọkùnrin gíga kan báyìí ni Dominic, ọmọ ìjọ Àgùdà, kò tíì gbéyàwó. Ó ti lọ kọ́ṣẹ́ irú ẹ́ńjìnnì ńlá bẹ́ẹ̀. Ọ́fíìsì fi í ránṣẹ́ láti Owena pé òun ni kó máa darí rẹ̀ láti ìsinsìnyí lọ. Ní ti Olúsànmí, wọ́n ní kó máa mójú tó táńkì àti fáàfù, àwọn irin tí wọ́n ń yí láti ṣí omi fún àdúgbò kan, kí wọ́n sì tì í fún òmíràn. Owó rẹ̀ ò dín, ipò rẹ̀ ò sì rẹlẹ̀. Ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ò ju ẹ́ńjìnnì lọ.

Dominic dọ̀bálẹ̀ kí ọkọ mi. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ ṣeun tẹ́ ẹ tọ́jú rẹ̀ dáadáa báyìí." Ó kí ẹ̀rọ náà pàápàá. Kò sí ohun kan tó ṣe fún un tí kò dára. Ìyẹn gan-an ló dun Olúsànmí. Ká ní ó ń bà á jẹ́ ni, ọkọ mi ìbá rí nǹkan wí.

Inú mi dùn! Ẹ jẹ́ kí n wí i bó ṣe rí. Mo ń kọrin nídìí ààrò. Ariwo ẹ́ńjìnnì á sọ láàárọ̀, Olúsànmí á gbórí sókè lórí ìrọ̀rí, ojú rẹ̀ á là sílẹ̀ kedere.

"Ṣé o gbọ́ ọ?" á bi mí. "Dominic ń kán an lójú jù. Kò jẹ́ kí ara rẹ̀ kọ́kọ́ lọ́wọ́ọ́rọ́."

"Mi ò gbọ́ nǹkan kan o."

"Kì í dún báyìí lọ́wọ́ mi. Fetí sílẹ̀, kì í dún báyìí."

Ó dún bó ṣe máa ń dún. Èmi tí mo kórìíra rẹ̀, mo mọ ohùn rẹ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ, kò sí ohun tó yàtọ̀. Bí ọkọ mi bá ń lọ ṣí fáàfù lápá òkè, á gba ìsàlẹ̀ odò kọjá, ọ̀nà tí kò gba ibẹ̀ rárá, kó lè yọjú wo ẹni tó wà nínú ilé náà pẹ̀lú rẹ̀. Á padà wálé, á ní ebi ò pa òun. Ó rí Dominic tó ń nù ún, oúnjẹ ò sì lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀ mọ́. Mo mọ àìsàn náà. Èmi ni mo kọ́kọ́ ṣe é.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo ń ṣa ẹ̀wà lórí ẹní, ó wá jókòó tì mí.  Ó wá ní, "Àwẹ̀ró."

Orúkọ tí mo tìtorí rẹ̀ gbààwẹ̀ nìyẹn. Mo gbọ́ ọ, gbogbo ara mi gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ohùn náà ò dùn. Ohùn ẹni tí wọ́n lé jáde níbòmíràn ni, tó wá rántí pé òun nílé.

"Àwẹ̀ró, mò ń bá ọ sọ̀rọ̀."

Mo ń ṣa ẹ̀wà mi lọ. "Ẹni tí ẹ ń pè ò sí nílé yìí," mo ní. "Ó wà létí odò. Ọ̀dọ̀ Dominic ló ń gbé báyìí."

 Ó dìde, ó jáde síta. Àánú rẹ̀ ṣe mí díẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò pè é padà. Èmi kì í jẹ àjẹkù.

Ọ̀sán Sátidé kan ni ọ̀rọ̀ náà wá bẹ́ síta. Mo wà nídìí kẹrosíìnì mi, ọkọ mi jókòó lẹ́nu ọ̀nà, ó ń lẹ táyà kẹ̀kẹ́ rẹ̀ tó jò. Bernadette ń rán aṣọ ní tirẹ̀, àwọn obìnrin bíi mélòó kan sì ń dúró dè é. Dominic dé pẹ̀lú gálọ́ọ̀nù lọ́wọ́, ó ń fẹyín.

"Ẹ káàsán, mà. Ọ̀gá, ẹ káàsán, sà. Mà, ẹ bá mi rọ kẹrosíìnì sínú èyí. Àwẹ̀ró ti dọ̀tí, mo fẹ́ wẹ̀ ẹ́ látorí dẹ́sẹ̀ kí ọ̀la tó dé."

Mo gba gálọ́ọ̀nù lọ́wọ́ rẹ̀. Mo fi àrọ sí i lẹ́nu, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rọ ọ́. Ojú mi wà lọ́dọ̀ ọkọ mi.

"Àwẹ̀ró mi yìí," Dominic ń bọ́rọ̀ lọ, ó kàn ń ṣeré ni, "bó bá ti mọ́ tónítóní báyìí, ohùn rẹ̀ á yàtọ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an."

Kí ẹ má ṣì í mú o: ọkọ mi mọ̀ pé ẹ́ńjìnnì ló ń wí. Kò sí ẹni tí kò mọ̀. Ṣùgbọ́n ọjọ́ yẹn ni ó kọ́kọ́ gbọ́ "Àwẹ̀ró mi" lẹ́nu ọkùnrin mìíràn, níwájú èmi tí mo ni orúkọ. Mo rí i bí ó ṣe wọ̀ ọ́ lára. Ó ju táyà sílẹ̀, ó dìde fùú, ó sì gbá ọmọ ọlọ́mọ lọ́rùn ẹ̀wù mú.

"Má pè é mọ́!"

"Ọ̀gá, kí ni mo ṣe?"

"Mo ní o ò gbọdọ̀ pè é mọ́ láyé rẹ!"

"Pe kí ni, sà? Àwẹ̀ró?"

Olúsànmí mì í jìgìjìgì. Dominic gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, kò bá a jà. "Ọ̀gá, ẹ̀yin lẹ kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn! Gbogbo ìlú ló ń pè é bẹ́ẹ̀!"

Bernadette sáré jáde pẹ̀lú téèpù ìwọnṣọ lọ́rùn. Àwọn obìnrin náà tẹ̀ lé e. "Bàbá Olútóyìn, kí ló dé? Ẹ fi ọmọ yìí sílẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ìjọba ni, kì í ṣe ìyàwó yín!"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ọkọ mi tú ẹ̀wù Dominic sílẹ̀, ó bojú wo ọ̀dọ̀ mi. Ó ń bẹ̀ mí pẹ̀lú ojú pé kí n sọ nǹkan kan, kí n sọ pé iṣẹ́ ló rẹ̀ ẹ́, kí n sọ pé ibà ló ń ṣe é. Mo gbé ìgò ìwọn-kẹrosíìnì mi sílẹ̀. Mo ká ọwọ́ mọ́yà. Ẹni tó bá da omi síwájú ló ń tẹ ilẹ̀ tútù. Bàbá Olútóyìn ti da omi, mo fẹ́ kó tẹ̀ ẹ́ lónìí.

Ó wo ilẹ̀. Ó ní, "Orúkọ ìyàwó mi ni."

"Kí lẹ wí?" Bernadette bi í.

"Ìyá Olútóyìn ni Àwẹ̀ró. Ìyá rẹ̀ ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo mú un fún ẹ̀rọ."

Mo retí pé ẹ̀rín á sọ. Ẹ̀rín ò sọ. Ẹnu Bernadette, tí kì í sinmi, ẹnu tó sọ mí ní Ìyáálé, là sílẹ̀ ni. Ó wo ọkọ mi, ó wò mí.

"Ìyẹn lo ṣe ń lọ pọn omi lódò?" ó bi mí.

 Omijé ń gbọ̀n mí lójú, mi ò sì fẹ́ kó jábọ́ níwájú wọn. Dominic ti dọ̀bálẹ̀ nínú eruku. "Ẹ má bínú, mà. Mi ò mọ̀. Ọlọ́run ló mọ̀ pé mi ò mọ̀."

"Dìde," mo ní fún un. "Ìwọ kọ́ lo jẹ mí lẹ́ṣẹ̀." Mo wá kọjú sí ọkọ mi. "Ọwọ́ tó kọ ọ́ ni kó pa á rẹ́. Èmi náà á wà níbẹ̀."

Àárọ̀ ọjọ́ Ajé la lọ. Olúsànmí gbé kẹrosíìnì àti àkísà lọ́wọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nu ilẹ̀kùn. Ó nù ún títí, òógùn bò ó. Ọ̀dà náà ti gba oòrùn, ó ti gba òjò, ó ti mọ́ irin lára. Ó kàn rọ̀ díẹ̀ ni, kò kúrò. Ọkọ mi kọjú sí mi, ó ní, "Ṣé o rí i? Kò lè kúrò." Mo sì rí nǹkan kan lójú rẹ̀. Inú rẹ̀ fẹ́ dùn.

Áà! Owú tó gbé mi lójú ẹsẹ̀ yẹn, mi ò rí irú rẹ̀ rí. Mo rántí ọjọ́ tí omi ṣí ìdọ̀tí kúrò lára àpáta.

"Dominic," mo ní, "gbé rọ́bà ńlá yẹn jáde."

Rọ́bà náà ṣì wà, wọ́n máa ń fi ṣí iyanrìn kúrò níbi tí páǹpù ti ń mu omi. Dominic wo ọkọ mi, ọkọ mi gbé àkísà sílẹ̀. Dominic so rọ́bà mọ́ ẹnu ẹ̀rọ, ó ti fáàfù tó ń lọ sí òkè kí gbogbo agbára ẹ̀rọ lè gba ọ̀dọ̀ wa. Ó wọlé lọ bá ẹ́ńjìnnì. Èmi ni mo di ẹnu rọ́bà mú. Olúsànmí wá sẹ́yìn mi, ó fi apá méjèèjì gbá mi mú láti ẹ̀yìn, ó di rọ́bà náà mú pẹ̀lú mi, ó sì fi ẹsẹ̀ ti òkúta. Ó ti pẹ́ tó ti dì mí mú bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀rọ bú. Rọ́bà tó rọ̀ jọwọrọ le gbandi lọ́wọ́ wa, ó ta wá sẹ́yìn, gìgísẹ̀ mi wọ ilẹ̀. Omi kọlu ilẹ̀kùn irin náà, ariwo rẹ̀ gba gbogbo àfonífojì. Mi ò lè gbọ́ ohùn ara mi, mo sì ń pariwo. Mo ń sọ gbogbo ohun tí mi ò rí ẹni sọ fún. Ọ̀dà náà ń ṣí ní ìpẹ́-ìpẹ́ pẹ̀lú ìpẹtà irin, ó ń fò dànù. Lẹ́tà àkọ́kọ́ lọ. Èkejì lọ. Ẹ̀rọ náà ń fi agbára ara rẹ̀ fọ orúkọ náà kúrò lára ilé rẹ̀, kò sì mọ̀. Nígbà tó ku ẹyọ kan, ọwọ́ ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lórí ọwọ́ mi. Mo rò pé rọ́bà ló ń gbọ̀n ọ́n.

Dominic pa ẹ́ńjìnnì. Gbogbo ibẹ̀ pa lọ́lọ́. Ara ilẹ̀kùn pupa fún ìpẹtà, kò sí nǹkan kan lára rẹ̀ mọ́.

A ti rin gbingbin látorí dẹ́sẹ̀. Mo yíjú sí Olúsànmí kí n lè rí ojú rẹ̀. Omi ń kán ní àgbọ̀n rẹ̀. Mo na ọwọ́, mo nu ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀.

"Omi páǹpù ni," ló wí kíákíá.

Omi odò yẹn tutù nini, ó ti mú kí ọwọ́ mi kú. Èyí tó wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ọ́rọ́. Mo mọ̀ pé kì í ṣe nítorí tèmi ló fi ń sunkún. Mo fi etí ìró mi nu ẹ̀rẹ̀kẹ́ kejì fún un.

"Àwẹ̀ró," ó ní, "jẹ́ ká máa lọ sílé."

Mo ní mi ò gbọ́, ariwo ẹ̀rọ ṣì wà létí mi. Ó tún un pè. Mo ní kó pè é sókè díẹ̀ sí i, kí Dominic náà lè mọ ẹni tó ni í. Ó pè é sókè. Nígbà náà ni mo dáhùn, a sì jọ gba ọ̀nà ilé.

Mò ń pọn omi ẹ̀rọ báyìí. Àwọn kan ṣì ń ṣàṣìṣe, wọ́n á ní "Àwẹ̀ró ti dé," Bernadette á sì fi ahọ́n gún wọn kí n tó lanu. Dominic wá bá mi, ó ní òun ti ń ronú láti sọ ẹ̀rọ náà ní Joanna, orúkọ àfẹ́sọ́nà òun tó wà ní Àkúrẹ́. Mo ní kó lọ béèrè lọ́wọ́ Joanna ná.

Olúsànmí ń pè mí ní Àwẹ̀ró. Ó ń pè é dáadáa. Ṣùgbọ́n láràárọ̀, bí ẹ̀rọ bá jí létí odò, ó ṣì máa ń gbórí sókè lórí ìrọ̀rí, á tẹ́tí. Èmi náà á ti jí.  Ẹnu rẹ̀ ni mo máa ń wò, bóyá orúkọ mi á tún yọ́ jáde lọ sétí odò.